Sálúbàtà Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Hájà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ohun kan wà tó ṣẹlẹ̀ ní Dubai tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi pé, "Àǹtí Mújì, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà," ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ọ̀nà ṣe.

Kí ẹ má baà máa retí pé ẹnì kan lù mí ní jìbìtì, ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀: èmi gan-an ni ìkà inú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹlòmíràn.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lọ ra jálàbíà ní Dubai wá tà l'Ékòó. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ rán wìrìwìrì yẹn o! Jálàbíà Morocco ni tèmi, èyí tí wọ́n fọwọ́ rán láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ẹ ti wọ̀ ọ́ lọ sí nikáì, ẹ ti wọ̀ ọ́ lọ sí ìkómọ, ẹ sì ti bi mí títí níbo ni mo ti ń rà á. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ta ló máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Ó dáa, màá dáhùn lónìí. Kò sí ní Deira tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ. Sharjah ni, ìlú tó múlé gbe Dubai, ní àdúgbò Abu Shagara, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò nísàlẹ̀. Kò ní pátákó orúkọ. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni, ẹ máa bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa kànkùn. Obìnrin ará Morocco kan tí a máa ń pè ní Hájà ló máa yojú láti inú ihò ilẹ̀kùn. Bí kò bá mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ó di dandan kí ẹ dárúkọ ẹni tó rán yín wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣí i.

Lọ́dọọdún ni Hájà máa ń padà sílé ní Morocco, tó máa ń wọ ọjà Fez, wọ ti Tetouan, wọ ti Marrakech, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì, tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ọjà. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò po tíì eléwé míǹtì fún wa, yóò sì máa sọ bí ọ̀nà inú ọjà Fez ṣe há tó, pé bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù bá ń bọ̀, àfi kí èèyàn lẹ̀ mọ́ ògiri. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, Rísì, yóò máa rẹ́rìn-ín. A máa ń ní lọ́jọ́ kan, àwa náà á débẹ̀.

Rísì yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Hájà. Ó fà mí lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn, ó ní èmi àti òun ò yàtọ̀, kí Hájà máa tajà fún mi bó ṣe ń tà fún òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò Dubai mọ bí nǹkan yẹn ṣe tóbi tó. Nínú iṣẹ́ wa, èèyàn lè fún ọ ní ìdajì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sùn, ó lè fún ọ ní oúnjẹ ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi ibi tó ti ń rajà hàn ọ́ láéláé. Kí a tó gbé ọjà wọ hòtẹ́ẹ̀lì, a ti já lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dànù, a ti kó o kúrò nínú ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù sínú ọ̀rá dúdú. Bí wọ́n bá bi wá, a ó ní, "Ibì kan báyìí ni, lápá ibẹ̀ yẹn." Rísì nìkan ni mo rí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Rísì wá dùbúlẹ̀ àìsàn, kò dìde mọ́. Kó tó kú, ó ní kí n wá. Àbúrò rẹ̀, Sìdí, ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lára. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ọmọ yẹn fi ń wẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ìdọ̀tí rẹ̀, tí kò ráhùn. Rísì ní kí n mú Sìdí lọ sọ́dọ̀ Hájà, bí òun náà ṣe mú mi lọ. Mo ní, "Wàláì, Rísì, fọkàn balẹ̀." Ẹ gbọ́ o, mo fi Ọlọ́run búra.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Àwa méjì, aṣọ kan náà, àdúgbò kan náà? Sìdí kéré, ó rẹwà, ó mọ fóònù ún tẹ̀. Bó bá ya fọ́tò ara rẹ̀ nínú jálàbíà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ta ni yóò tún wo ọ̀dọ̀ mi? Mo dijú mọ́rí. Mo ní màá mú un lọ Dubai lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ Hájà.

Oṣù kẹjọ la lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Dubai nínú oṣù kẹjọ rí, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó kù! Bí ẹ bá jáde láàárọ̀, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn kí ẹ tó dé títì. A gba yàrá kan ní Al Muraqqabat ní Deira, nítòsí ọ́fíìsì káàgò tí wọ́n ti ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó.

Gbogbo àárọ̀ ni Sìdí máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Bí mo bá ju sálúbàtà mi sílẹ̀ gbàgà lẹ́nu ọ̀nà, yóò gbé e, yóò nù ún, yóò yí ẹnu rẹ̀ síta kí n lè kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bí mo bá ń jáde. N ò rán an. Bí Rísì ṣe tọ́ ọ nìyẹn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un rìn. A lọ sí ọjà góòlù, a lọ sí ọjà àwọn eléròjà ọbẹ̀, a lọ sí ọjà lọ́fínńdà, a wọ ọjà Naif, a jáde ní Naif, a tún wọ Naif. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń pè wá, "Mama, come, come, good price!" Àwọn alárù ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù gba ẹ̀gbẹ́ wa, wọ́n ń kígbe yalla, yalla, kí a yára. Ibi òjìji ni mo máa ń gbà, mo jẹ́ kí òun gba ojú oòrùn. Báàgì mi wà lórí rẹ̀. Títì kan wà tí a gbà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò mọ̀! Mo ń rẹ́rìn-ín nínú.

Mo tún mú un wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí ọjà rẹ̀ kò dára, mo ní jálàbíà tó wà níbẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń béèrè. Aṣọ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí! Ó rà á. Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà wo la máa dé Sharjah?"

Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní ṣé kò mọ̀ pé físà Dubai kì í gbé èèyàn dé Sharjah ni? Mo ní bí wọ́n bá mú un lójú ọ̀nà, pápákọ̀ òfuurufú tààrà ni, kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́. Irọ́ ńlá! Físà kan náà ni. Bọ́ọ̀sì lèèyàn máa wọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì kúrò ní Nàìjíríà rí, tí ìbẹ̀rù físà ti wọ̀ ọ́ lára láti ilé, kí ló fẹ́ sọ? Ó ní, "Ó dáa, ma."

Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò nígbà yẹn. Mo rí i tó ń tiro. Mo ní òwò kì í ṣe ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ẹyin o, kó yáa lọ wá ọkọ fẹ́ jókòó tì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nikáì òun kò ní pẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi í sí ọ́fíìsì káàgò. Mo ní kó jókòó lórí ẹrù wa, kó má kúrò níbẹ̀, pé wọ́n máa ń pààrọ̀ ẹrù. Mo wọ bọ́ọ̀sì, ó di Abu Shagara.

Hájà ṣí ilẹ̀kùn, ó ní Rísì dà? Mo sọ fún un. Yéè! Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ìborí rẹ̀ fi rin gbingbin. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó gbé aṣọ kan jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí jálàbíà, ṣùgbọ́n n ò rí irú èyí rí! Funfun ni, okùn aláwọ̀ ewé ló yí i lọ́rùn àti lọ́wọ́. Hájà ní Rísì ló ní kí wọ́n rán an ní Fez fún àbúrò rẹ̀, pé èyí ni àbúrò òun máa wọ̀ lọ́jọ́ nikáì rẹ̀. Kó tó ṣàìsàn ló ti sanwó rẹ̀ tán.

Hájà kò dúró níbẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Rísì pé tí òun bá ń lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí, òun máa mú un lọ́wọ́ káàkiri ọjà Fez àti Tetouan, kó fojú ara rẹ̀ rí àwọn aránṣọ náà. Rísì ti lọ, àbúrò rẹ̀ ló máa bá òun lọ dípò rẹ̀. Ó ní kí n mú ọmọ náà wá lọ́la.

Ọdún kọkànlá! Ọdún kọkànlá ni mo ti ń mu tíì obìnrin yìí, kò pè mí rí pé kí n bá òun dé ìsàlẹ̀ ilé lásán! Ọmọ àná tí kò tíì rí lójú ló fẹ́ mú lọ Fez? Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là.

Mo ní, "Hájà, àbúrò Rísì? Olè ni o."

Mo ní nígbà tí Rísì wà lórí àìsàn, ọmọ yẹn ló ń jí ọjà kó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó ń lọ tà á, pé ìbànújẹ́ yẹn gan-an ló pa Rísì. Sìdí tó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́! Ojú Hájà yí padà. Ó ní haram, haram. Ó ní khalas, ó parí, ọmọ náà kò ní tẹ ẹnu ọ̀nà òun. Mo ní kó kó aṣọ náà fún mi, kí n lọ fi tu ìyá Rísì nínú. Ìyá Rísì ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Hájà kò mọ̀.

Ó gbé aṣọ náà fún mi. Ó ní tí òun bá ń lọ sílé, èmi ni kí n wá bá òun lọ.

Mo tú ọjà sínú ọ̀rá dúdú bí a ṣe máa ń ṣe, mo ki aṣọ funfun náà sísàlẹ̀ pátápátá. Ohun kan ni mo gbàgbé. Hájà máa ń fi èéfín tùràrí sí ọjà rẹ̀ lára, á sì tún wọ́n omi òdòdó ọsàn sí i. Bí mo ṣe wọ yàrá, Sìdí tó ń fi omi gbóná tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé orí sókè. Ó fa imú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òórùn àpótí aṣọ Àǹtí mi ni mò ń gbọ́ yìí."

Mo ní ọṣẹ hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo tún lọ kó ìyókù ọjà mi. Sìdí wà ní káàgò, bí mo ṣe fi í sí. Mo bọ́ sálúbàtà mi sẹ́nu ọ̀nà Hájà, mo wà ní yàrá inú tí mò ń yẹ aṣọ wò. Wọ́n kànkùn. Hájà béèrè lédè Òyìnbó pé ta ni.

Ohùn tí mo gbọ́ ní, "Sidikat, ma. Risikat sister."

Báwo ló ṣe débẹ̀? Mo wá gbọ́ nígbẹ̀yìn. Fọ́tò Rísì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbi tó ti dúró níwájú ilé tí wọ́n ti ń ta mọ́tò yẹn, ó sì ti sọ fún un nípa òkè kẹta àti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ó fi han sìkiọ́rítì tó ń ṣọ́ ilé káàgò, ọmọ Ìwó ni, bedspace rẹ̀, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì tó ń sanwó sùn, sì wà ní Abu Shagara. Ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ilé náà. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ físà tí mo sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú, ó sì mú Sìdí wọ bọ́ọ̀sì.

Hájà kò ṣí ilẹ̀kùn tán, ẹ̀wọ̀n ṣì wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. "Haramiya! Thief!" Mò ń gbọ́ bí àwọn aráalé ṣe ń ṣílẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wòran. Sìdí ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun kò wá rajà o, pé òun kàn fẹ́ rí ibi tí ẹ̀gbọ́n òun máa ń jókòó sí ni, kí òun sì béèrè aṣọ kan tí ẹ̀gbọ́n òun sọ fún òun. Hájà ní ṣé ẹ̀gbọ́n tó jí ọjà rẹ̀ títí tó fi kú ni?

Mo rò pé ó ti lọ. Àfi bó ṣe sọ Yorùbá, jẹ́jẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí sálúbàtà yín."

Mo sún sẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá inú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bínú. Ẹ má fi ọ̀nà hàn mí mọ́. Aṣọ náà, mi ò gbà á mọ́. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn pé mi ò jalè. Ẹ mọ̀ pé mi ò jalè."

Ẹ bi mí pé kí ni mo ṣe. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀kùn yẹn. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì.

Hájà yíjú sí mi, ó ní kí ló ń sọ? Mo ní, "Ó ń ṣépè fún yín ni. Ó ní irú àìsàn tó pa ẹ̀gbọ́n òun ló máa pa yín."

Hájà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú gbàà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan ń wúwo ju ìkejì lọ nítorí ròrò yẹn. Mo padà jókòó. Mo mu tíì mi tán.

Nígbà tí mo wá jáde, sálúbàtà mi wà níbẹ̀. Gbàgà ni mo jù ú sílẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ti nù ún mọ́, ó ti to méjèèjì pọ̀, ó ti yí ẹnu wọn síta.

Mo dúró sórí àtẹ̀gùn yẹn, n kò lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo mú un lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ oṣù kẹjọ, ó jó mi dé ìka. Ìyẹn náà kò tún nǹkan kan ṣe.

Ó ti dé hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú mi. Ó ti di ẹrù mi, ó ti kọ orúkọ mi sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ma." Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Jálàbíà àyálò ló wọ̀ ṣe nikáì. Mo rí fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo fi aṣọ funfun náà ránṣẹ́ sí i. Ó dá a padà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a. Ó ní kí ẹni tí mo rán sọ fún mi pé kì í ṣe aṣọ ló sọnù lọ́wọ́ òun, orúkọ òun ni, pé Sharjah ló wà, èmi ni mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ṣé mo lọ? Mo lọ! Hájà mú mi lọ Fez nígbà òtútù. Ọ̀nà ọjà náà há lóòótọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń bọ̀, olówó rẹ̀ ń kígbe balak, balak, kí a yà, Hájà sì fà mí lọ́wọ́ mọ́ ògiri, bí Rísì ṣe fà mí lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn. Ó mú mi dé iwájú bàbá arúgbó tó rán aṣọ funfun náà. Ó ní èmi ni ọmọ òun tó gba òun lọ́wọ́ olè. Bàbá náà gbàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Láti ìgbà náà, mo ti padà dé Abu Shagara lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti la ẹnu lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tó jáde ni, "Hájà, ọjà ńkọ́?"

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń rù ú o. Ẹni tó bá fà yín lọ́wọ́, ẹ má fi àbúrò rẹ̀ sójú oòrùn. Kí n má parọ́ fún yín, n ò tíì mọ̀ bóyá mo ti yí padà. Bó bá jẹ́ pé mo ti yí padà ni, ṣé ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?

Ẹ̀yin náà, ta ló mú yín dé ibi tí ẹ ti ń jẹun lónìí? Ta lẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ilé náà báyìí. Abu Shagara, òkè kẹta, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ nínú yín, kó bọ́ bàtà, kó kànkùn. Bí Hájà bá béèrè pé ta ló rán an wá, kó ní Sìdí ni, pé Sìdí kò jalè.